Iṣẹ́ Abẹ Egungun Etí: Etí Tó Gbọ́ Àlọ Ló Yẹ Kó Gbọ́ Àbọ̀

Ẹni tó bá dé Katako nílùú Jos, Ìpínlẹ̀ Plateau, yóò tètè mọ ìdí tí àdúgbò náà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Pákó ni katako túmọ̀ sí lédè Hausa, ọjà pákó sì wà níbẹ̀. Bí agépákó kan bá sọ pé òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ariwo ayùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí etí ń gbà bàjẹ́ ju ẹyọ kan lọ, ó sì yẹ kí aláìsàn mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kí ó tó dùbúlẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Lẹ́yìn awọ ìlù etí, egungun mẹ́ta ló wà tí wọ́n so kọ́ra: ọ̀kan dà bí òòlù, èkejì dà bí owú alágbẹ̀dẹ, ẹ̀kẹta sì dà bí irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀kẹta yìí, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ, ló kéré jù lọ nínú gbogbo egungun ara. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbé ìró lọ sí etí inú lọ́hùn-ún, kí iṣan tó gbà á lọ sí ọpọlọ. Ọyún tó ń jáde ní etí fún ìgbà pípẹ́ lè jẹ egungun wọ̀nyí, pàápàá ti àárín. Bí wọ́n bá já kúrò lára ara wọn, ẹni náà lè pàdánù tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 60 nínú agbára ìgbọ́ràn rẹ̀. Ní ti ariwo ayùn, etí inú ló ń bà jẹ́, àtúntò egungun kò sì lè wo ìyẹn sàn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Jámánì méjì, Horst Wullstein àti Fritz Zöllner, ti fi ìdí irú iṣẹ́ abẹ yìí múlẹ̀. Lónìí, dókítà lè gbẹ́ egungun aláìsàn fúnra rẹ̀ kí ó sì dá a padà sípò, tàbí kí ó fi àtọwọ́dá onítitanium rọ́pò rẹ̀. Bí egungun kẹta bá ṣì wà lódindi, àbájáde máa ń dára jù. Bí kò bá sí mọ́, tàbí tí etí kò tíì gbẹ, ìrètí a máa dín kù. Etí tilẹ̀ lè ti àtọwọ́dá náà jáde lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà wọn ìgbọ́ràn: nípa afẹ́fẹ́, àti nípa ẹ̀rọ kékeré tí a gbé lé egungun ẹ̀yìn etí. Àlàfo tó wà láàárín èsì méjèèjì ni iṣẹ́ abẹ lè dín kù. Bí kò bá ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 20 lọ mọ́, àwọn oníṣẹ́ abẹ a máa kà á sí àṣeyọrí. Ẹ jẹ́ kí a wá wo agépákó tí ariwo ti gba dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 40 nínú etí inú rẹ̀, tí ọyún sì tún jẹ egungun rẹ̀. Bí àlàfo tirẹ̀ bá wá sí 20, àṣeyọrí ni nínú ìwé. Ṣùgbọ́n 40 pẹ̀lú 20, 60 ni. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ kò ní dé etí rẹ̀.

Atúmọ̀ èdè ni mí, mo sì mọ̀ pé gbólóhùn kan lè ní ìtumọ̀ méjì. Bí dókítà bá ní, “Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere,” àlàfo tó dín kù ló ń sọ. Ohun tí aláìsàn gbọ́ ni pé òun yóò máa gbọ́ ohùn ọmọ òun láti yàrá kejì. Owó àti ìrètí ni ó ń sọnù sáàárín ìtumọ̀ méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe ti Yunifásítì Jos tàbí ilé ìtọ́jú etí ti ìjọba àpapọ̀ ní Kaduna, ẹ béèrè: Báwo ni etí inú mi ṣe rí? Ṣé egungun kẹta ṣì wà? Ṣé n óò ṣì nílò ẹ̀rọ ìgbọ́ràn? Ìgbà wo ni ẹ ó tún un wọ̀n? Bí ọyún bá sì ń jáde ní etí ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ má ṣe ro epo tàbí àgbo sí i. Ẹ tètè wá dókítà. Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ fi èsì ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn han aláìsàn, ní èdè tó yé e. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀.