Ìdánwò Tó Di Odidi Ìwé

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọpọlọ jẹun lórí íntánẹ́ẹ̀tì: òǹkọ̀wé, ògbufọ̀, ayàwòrán, ẹni tó ń to fídíò. Èmi náà wà lára wọn, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí ṣojú mi.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo rí ìkéde kan pé wọ́n ń wá ògbufọ̀ tí yóò túmọ̀ ìwé ìtàn àwọn ọmọdé láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Owó tí wọ́n dárúkọ wuni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kí olúkúlùkù kọ́kọ́ ṣe ìdánwò: ojú ìwé mẹ́jọ, láàárín ọjọ́ méjì, láìgba kọ́bọ̀. Mo ṣe é. Mo tún ṣe ohun tó dùn mí jù lọ títí di òní: mo fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀. Mo ní, "Ẹ tètè o, iṣẹ́ gidi nìyí." Àbúrò kan nínú wọn ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ó ra dátà, ó sì fi òru méjì gbáko jókòó tì í, nítorí pé kò sí iná ládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, a kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí àbúrò yẹn fi iṣẹ́ tirẹ̀ hàn mí ni ara mi bù máṣọ: ibi tí tèmi parí sí gan-an ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A pe àwọn mẹ́ta yòókù. Nígbà tí a to ti àwa márààrún pọ̀, ogójì ojú ìwé ni, kò sí èyí tó fò. A ti túmọ̀ odidi ìwé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Ẹ̀tàn yìí ní aṣọ mìíràn tó máa ń wọ̀. Òmíràn á ní òun kò lówó báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ayé yóò mọ orúkọ rẹ. Òmíràn á pè é ní ìdíje: ogún ènìyàn á ya àmì ilé-iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò sanwó fún. Òmíràn á tilẹ̀ sanwó, ṣùgbọ́n owó náà kò ní tó owó dátà. Nígbà tí Fiverr bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010, dọ́là 5 ni wọ́n ń ta iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ń mú dọ́là 1 nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń gbà? Ìbẹ̀rù ni, pé bí èmi kò bá gbà á, ẹlòmíràn á gbà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó ń lẹ ìlérí mọ́ onílù níwájú orí lóde àríyá. Owó ni à ń lẹ̀ mọ́ ọn. N kò sọ pé kí a má ṣoore o. Ẹni tó bá ya ìwé ìkéde fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni òun ṣe. Ẹ̀tàn ni mo ń bá wí.

Ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì, láti oṣù karùn-ún ọdún 2017, òfin ti ní kí ẹni tó bá gbé iṣẹ́ tó tó dọ́là 800 fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kọ ìwé àdéhùn: iṣẹ́ tí ó fẹ́, iye owó rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò san án. Bí wọn kò bá dá ọjọ́, owó náà gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ 30 tí iṣẹ́ bá parí. Òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí a má béèrè ohun mẹ́ta yẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ìdánwò bá ju ìpínrọ̀ kan tàbí méjì lọ, iṣẹ́ ni, ẹ béèrè owó rẹ̀. Ẹ gba àsansílẹ̀. Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ kọ orúkọ yín gba àárín àwòrán tí ẹ bá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ sì rántí pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní ìwé ni a fi ń fa ẹ̀tọ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa fi ìkéde han ara yín. Ká ní àwa márààrún ti jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní ni, à bá ti rí ọgbọ́n wọn.

Mo dá owó epo padà fún àbúrò yẹn. Kò fẹ́ gbà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà kò kúkú mọ̀." Òótọ́ ni, n kò mọ̀. Ní báyìí mo ti mọ̀, ẹ̀yin náà sì ti mọ̀.