Ogbó Kì í Ṣe Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bí mi nínú bí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ mi bá ń sọ ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí: pé bí aago ọwọ́ tí a ń wáìn bá ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa péye sí i. Wọ́n ní ó ti mọ ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Bí a bá jiyàn, wọn a fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú aago náà. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ń mì síwá sẹ́yìn ni ó ń ka àkókò níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ aago àtijọ́, ìgbà 18,000 ni ó ń mì ní wákàtí kan. Bí ìyára rẹ̀ bá fi ẹyọ kan péré yẹ̀ nínú 10,000, aago yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 9 ṣìnà lójúmọ́. Ṣé òróró tí ó ti gbẹ, eruku ọyẹ́ àti irin tí ó ti ha ara wọn ni yóò wá tún irú iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe?

N kò sẹ́ pé ìrìn aago tuntun lè yí padà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè yára sí i, ó sì lè falẹ̀ sí i. N kò sì sẹ́ pé aago tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ sábà máa ń ṣe déédéé ju èyí tí a jù sínú àpótí lọ. A ń wáìn ín lásìkò. Ooru ara ẹni kì í sì í yí padà púpọ̀. Ìtọ́jú ni ìyẹn, kì í ṣe ogbó. Mo fi ìró àkókò orí rédíò wọn èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi: ìṣẹ́jú 4 ni ó fi ń falẹ̀ lójúmọ́. Nígbà tí ẹnìkan ní Lágéré tú u, tí ó fọ̀ ọ́, tí ó sì fi òróró tuntun sí i, kò fi ìdajì ìṣẹ́jú falẹ̀ mọ́. Ta ni kí n kí, ọjọ́ orí ni tàbí oníṣẹ́ ọwọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí tó ohun tí à ń jà sí, bí kò bá ṣe pé èrò kan náà ni a fi ń lo ẹ̀rọ omi, mọ́tò àti ilé ìjọba. "Ó ti mọ́ ọn lára" ni a ó máa wí títí yóò fi dákú.

Kí wọn ó padà sí òwe wọn. Òwe náà fúnra rẹ̀ ni ó pe aṣọ tí ó gbó ní àkísà. Àgbà ni ó ń yìn. Ènìyàn lè fi ọjọ́ orí gbọ́n. Ní ti irin, fífẹ́lẹ́ ni ó ń fẹ́lẹ́.