Owó Kọ́ Ló Ń Gbọ́rin: Ọ̀rọ̀ sí Gbogbo Ẹni Tó Fẹ́ Ra Hẹ́ẹ̀dìfóònù

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwa Yorùbá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ débi pé a ti gbé e kúrò nídìí ààrò, a sì ń fi dájọ́ lórí gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Bí a bá rí hẹ́ẹ̀dìfóònù kan tí wọ́n ń tà ní 100 dọ́là, tí a sì rí òmíràn tí wọ́n ń tà ní 4,000 dọ́là, a ti parí ẹjọ́ kí a tó gbé ọ̀kankan sétí: ti 4,000 ni yóò dùn jù, òun náà ni yóò sì rọrùn jù lórí. Mo kọ ìwé yìí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iye owó hẹ́ẹ̀dìfóònù kò lè sọ fún yín bí ohùn rẹ̀ ṣe dára tó, kò sì lè sọ bí yóò ṣe rọrùn tó.

Ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe wá níjàm̀bá. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sítúdíò ń káwọ́ gbera, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé ẹni tí kò ní hẹ́ẹ̀dìfóònù olówó ńlá kò lè po orin tó máa gún régé. Òṣìṣẹ́ ń kó owó oṣù mélòó kan lé orí ohun tí kò ní lè lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ń jẹun lórí rẹ̀: nígbà tó jẹ́ pé orúkọ àti iye owó ni oníbàárà ń wò, kí ni ayédèrú tún nílò ju orúkọ àti páálí tó ń dán lọ? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ohun tí àwọn tó gba èyí gbọ́ ń sọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ní: bí owó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń dára tó

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń mú ohùn dára. Nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí iná mànàmáná ń mì, tó sì ń ti afẹ́fẹ́ sí wa létí. Bí ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè bá jáde ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, orin á dún bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́. Bí béèsì bá pọ̀ jù, á bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Bí ohùn òkè bá pọ̀ jù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa gún ni létí bí abẹ́rẹ́. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí ni ìpìlẹ̀ ohùn tó dára, ó sì ṣeé wọ̀n.

Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n. Ní 2017, Jeroen Breebaart kó ìwọ̀n hẹ́ẹ̀dìfóònù 283 jọ. Ó wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ohùn jáde láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì fi í wé iye tí wọ́n ń tà á. Kò rí i pé èkíní bá èkejì lọ rárá. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohùn ní Amẹ́ríkà ló tẹ iṣẹ́ náà jáde, àkọlé rẹ̀ gan-an sì sọ àbájáde yìí.

Àwọn mìíràn fi etí ènìyàn ṣe tiwọn. Ní ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, Sean Olive àti Todd Welti wọn ohùn oríṣiríṣi hẹ́ẹ̀dìfóònù, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà gbé ohùn gbogbo wọn gba inú hẹ́ẹ̀dìfóònù kan ṣoṣo. Olùgbọ́ kò rí orúkọ, kò mọ iye owó, kò sì mọ̀ ọ́n lára bóyá ìkan wúwo ju ìkejì lọ. Ohùn nìkan ló kù tó lè fi ṣèdájọ́. Wọ́n ṣe irú ìdánwò báyìí fún àwọn olùgbọ́ ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Jámánì àti Ṣáínà, lọ́mọdé lágbà, àti onímọ̀ àti ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ohùn. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn yàn: èyí tí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀ sún mọ́ ti sípíkà dáadáa nínú yàrá dáadáa. Ìmọ̀ ni ilé-iṣẹ́ fi ń rí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe hẹ́ẹ̀dìfóònù olówó pọ́ọ́kú lè ní ìmọ̀ náà, kí èyí tó ń ṣe ti olówó ńlá má ní in.

Bí wọ́n bá sì bi yín pé, “Àwọn ọ̀gá sítúdíò ńkọ́?”, ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohun tó wà lórí àwọn ọ̀gá náà. Sony MDR-7506 jáde ní 1991, nǹkan bí 100 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á títí dòní. Òun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rédíò àti fíìmù ń gbé sétí lójoojúmọ́. Sennheiser HD 600 jáde ní 1997, kò sì tó 500 dọ́là. Títí di òní, òun ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ohùn ṣì ń fi wé èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìbáà jẹ́ pé owó tuntun náà fi ìlọ́po mẹ́wàá ju tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ní: etí àwọn ni wọ́n fi gbọ́ ọ

Ẹni tó sọ èyí kò purọ́. Ó gbọ́ ìyàtọ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi í ni pé: kí lo gbọ́? Hẹ́ẹ̀dìfóònù méjì tí a fi bọ inú fóònù kan náà kì í pariwo bákan náà. Ọ̀kan á máa dún sókè ju èkejì lọ. Bí ohùn bá sì fi díẹ̀ lọ sókè, etí kì í sọ pé ó lọ sókè, ohun tó ń sọ ni pé ó dùn sí i. Láti 1933 ni Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti fi hàn pé nígbà tí ohùn bá rọlẹ̀, béèsì ló kọ́kọ́ ń sá mọ́ etí wa lọ́wọ́. Gbé ohùn náà sókè díẹ̀, béèsì á padà, orin á sì kún. Ẹni tí kò bá mú ohùn méjèèjì dọ́gba kó tó fi wọ́n wéra, ariwo ló fi wéra.

Ohun kejì ni pé ó ti mọ iye owó. Ọkàn tó ti mọ̀ pé 4,000 dọ́là ló wà lórí òun á máa wá adùn kiri títí yóò fi rí i. Kò sẹ́ni tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ sí, onímọ̀ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò tòótọ́ fi ń fi orúkọ pamọ́.

Wọ́n ní: ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí

Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé hẹ́ẹ̀dìfóònù yìí ń gbé ohùn dé 40,000 Hz, ìyẹn ni pé ó lè mi afẹ́fẹ́ ní ẹgbàá lọ́nà ogún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí ọmọ ènìyàn tó dá ṣáṣá kì í gbọ́ ju 20,000 lọ, bí a sì ti ń dàgbà ni iye yẹn ń wálẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà fún yín níbẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ kò ní gbọ́ láéláé. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó wà láàárín 20 sí 20,000 lẹ nílò, òun gan-an ni páálí kì í sọ.

Wọ́n ní: èyí tó wọ́n ló rọrùn jù

Ẹ gbé e lórí òṣùwọ̀n. Koss Porta Pro, tó ti wà láti 1984, tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 50 dọ́là, kò tó 100 gíráàmù. Sennheiser HD 600 jẹ́ 260 gíráàmù. Focal Utopia, tó jáde ní 4,000 dọ́là ní 2016, jẹ́ 490 gíráàmù. Audeze LCD-X, tó ju 1,000 dọ́là lọ, ju 600 gíráàmù lọ. Apple AirPods Max, 549 dọ́là nígbà tó jáde ní 2020, sún mọ́ 385 gíráàmù. Sony WH-1000XM4 tó jáde lọ́dún kan náà ní 350 dọ́là jẹ́ nǹkan bí 254. Kì í ṣe gbogbo olówó ńlá ló wúwo: Sennheiser HD 800 S ju 1,500 dọ́là lọ, kò sì wúwo ju nǹkan bí 330 gíráàmù lọ. Ẹ̀rí nìyẹn pé iye owó kò lè fi ọ̀nà kankan hàn yín.

Ìwúwo nìkan kọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà. Bàtà ọba kò ní kí ó má fún ẹsẹ̀ ẹlòmíràn pa. Orí yàtọ̀ sórí, etí yàtọ̀ sétí. Obìnrin tó dirun, ẹni tó ní dàda, ẹni tó wé gèlè tàbí tó dé fìlà, irin tó gba orí kọjá á jókòó lórí tiwọn yàtọ̀ sí bí ó ṣe jókòó lórí àwọn tí wọ́n yà á fún. Ẹni tó wọ jígí ojú ń ṣí àlàfo sílẹ̀ láàárín tìmùtìmù àti awọ ara, ibẹ̀ sì ni béèsì ń gbà sá lọ. Nínú ooru Èkó, tìmùtìmù aláwọ á máa mú etí làágùn, nígbà tí tìmùtìmù aláṣọ á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ ń gbé. Utopia àti HD 800 S jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohùn ń jáde, ariwo sì ń wọlé. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí dánfó ń fọn fèrè níta, ẹ ó kàn máa gbé ohùn sókè láti borí wọn ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé a lè gbọ́ ohùn 80 dẹ́síbẹ́lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ láìséwu, ṣùgbọ́n bó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Hẹ́ẹ̀dìfóònù olówó kékeré tó bo etí dáadáa, tó jẹ́ kí ẹ lè rẹ ohùn sílẹ̀, ṣe yín lóore ju olówó ńlá tó ń mú yín gbé e sókè lọ.

Kí wá ni owó ń rà?

Ó ń ra nǹkan. Ó ń ra awọ gidi, irin gidi, iṣẹ́ ọwọ́, àti nígbà mìíràn ẹ̀yà tó ṣeé pààrọ̀ bó bá bàjẹ́. Ó tún ń ra iyì: Sennheiser HE 1 ju 50,000 dọ́là lọ, òkúta mábù Carrara láti Ítálì ni wọ́n sì fi ṣe ilé ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ iyì kí ó ra iyì, owó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó tún ń mú ìnáwó mìíràn wá. HiFiMAN Susvara, 6,000 dọ́là nígbà tó jáde, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù. Ó ń fẹ́ ámípílífáyà alágbára lẹ́yìn rẹ̀. N kò sọ pé hẹ́ẹ̀dìfóònù kò yàtọ̀ síra. Wọ́n yàtọ̀ gidigidi. Iye owó ni kò mọ ìyàtọ̀ náà.

Bí ẹ ó ṣe fi etí yín ṣèdájọ́

Yálà Computer Village n'Ìkẹjà lẹ lọ tàbí Alaba, ẹ kó orin tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó dání. Orin tiwa dára fún iṣẹ́ yìí ju orin ìpolówó ọjà lọ. Ẹ fi àpàlà Haruna Ishola yẹ ohùn òkè wò: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ ketekete láì gún yín. Ẹ fi àwo *Juju Music* tí King Sunny Adé ṣe ní 1982 yẹ àárín wò: ẹ gbọ́ bóyá gìtá Demola Adepoju tó ń fà gùn kò rì sábẹ́ àwọn ìlù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orin tí ìyáàlù dùndún ti ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìlù ṣùgbọ́n tí ẹ kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹ dá a padà sínú páálí, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù náírà.

Ẹ mú ohùn dọ́gba kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ẹ pajú dé, kí ọ̀rẹ́ yín máa gbé wọn lé yín lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìdárúkọ. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ fi sórí fún ó kéré tán wákàtí kan, pẹ̀lú irun yín, fìlà yín tàbí jígí yín. Bí ó bá ń fún yín lórí, tàbí tó ń mú etí gbóná, kì í ṣe tiyín.

Ẹ̀yin òǹtajà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ ọjà kó tó sanwó. Ẹ̀yin ọ̀gá sítúdíò, ẹ yé sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé àpò rẹ̀ ló máa po orin. Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́rin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ti ń káwọ́ gbera nítorí owó, ẹ dìde, ẹ mú èyí tí agbára yín ká, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí.