Ta Ni Ọmọ Onílẹ̀ ní Abidjan? Ìbọn Faransé Kò Dáhùn Ìyẹn

Bẹ́ ẹ bá dúró sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ ní kẹ́ni tó bá ní ẹbí ní Abidjan nawọ́ sókè, ọwọ́ tẹ́ ẹ máa rí kò ní kéré. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìdìbò Ivory Coast kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn kan máa ń sọ pé Faransé àti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UN, ló parí ìjà ibẹ̀ lọ́dún 2011. Irọ́ ni. Wọ́n lé ẹnì kan kúrò lórí àga, wọ́n gbé ẹlòmíì sí i ni. Ìjà fúnra ẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀.

Kí nìjà ọ̀hún? Ta lọmọ onílẹ̀, ta lálejò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Houphouët-Boigny, tó ṣèjọba láti 1960 tí wọ́n ti gbòmìnira lọ́wọ́ Faransé títí tó fi kú ní 1993, gba àlejò mọ́ra. Kódà, àwọn àlejò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń dìbò níbẹ̀ títí di 1990. Bó ṣe kú tán ni Bédié tó gbapò ẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ojúlówó ọmọ ìlú dé, ni wọ́n bá ní àwọn òbí Alassane Ouattara kì í ṣe ará ibẹ̀, kò lè dupò ààrẹ. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba apá Àríwá, ìlú pín sí méjì, àwọn ṣọ́jà Faransé wá dúró sáàárín.

Ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, 2010, ni wọ́n dìbò àṣekágbá. Àjọ elétò ìdìbò ní Ouattara ló wọlé, ó ní ìdá 54 nínú 100. Ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè fagi lé ìbò àgbègbè méje ní Àríwá, wọ́n ní Laurent Gbagbo tó wà lórí àga ni. Aṣojú UN ní rárá o, Ouattara ni. Lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 4, oṣù kejìlá, àwọn méjèèjì búra. Ààrẹ méjì, orílẹ̀-èdè kan! ECOWAS, tí Jonathan tiwa jẹ́ alága ẹ̀ nígbà náà, fi ìbọn halẹ̀ mọ́ Gbagbo, kò mira. Ní oṣù kẹta, 2011, wọ́n ju àdó olóró sí ọjà kan ní Abobo. Ọjà o, níbi táwọn ìyálọ́jà jókòó sí! Lápá kejì, àwọn ọmọ ogun Ouattara pa ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn ní Duékoué. Oṣù kẹrin ni hẹlikọ́pítà Faransé àti ti UN dé, ọjọ́ 11 ni wọ́n mú Gbagbo nílé ìjọba. Ó lé ní 3,000 èèyàn tó bá a lọ.

Èyí tó tẹ̀lé e ló ń bí mi nínú. Ouattara yìí kan náà lọ fún sáà kẹta ní 2020, ó gba ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ní oṣù kẹwàá, 2025. Ẹ ò gbúròó hẹlikọ́pítà kankan. Gbagbo, tí ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague ti dá láre ní 2019, wọn ò jẹ́ kó dupò. Tidjane Thiam ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé olùdìbò, wọ́n ní ọmọ Faransé ló jẹ́ lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Kùmọ̀ tí wọ́n fi na Ouattara láyé Bédié náà ni, ọwọ́ tó dì í mú ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bú Gbagbo, ẹ rántí káàdì ìgbélùú tí ọlọ́pàá fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Ìgbà tí Ouattara jẹ́ olórí ìjọba lábẹ́ Houphouët ni wọ́n gbé e dé, Gbagbo ló fagi lé e fáwọn ọmọ ECOWAS ní 2007. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ Gbagbo náà ló dí títì ní Yopougon ní 2011, tí wọ́n ń wá àlejò kiri. Láti 1995 títí di ìdìbò 2025, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń tajà ní Adjamé pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò ní ìbò kankan nínú gbogbo ẹ̀.