Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. Láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 tí Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10, laptop ti di ẹrù sí ọ̀pọ̀ ilé lọ́rùn. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n Windows 11 ò gbà á, torí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni Microsoft yọ sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé Linux sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni Ubuntu, tó jáde ní ọdún 2004. Ilé-iṣẹ́ Canonical tó wà ní London níbí ló ń ṣe é, inú èdè àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Kódà, ẹ lè yan ọ̀nà ìtẹ̀wé Yorùbá nínú rẹ̀, kí ọmọ yín lè kọ orúkọ ara rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà máa ń dé. Wọ́n á tan ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ á dúdú kirikiri. Bàbá á ní, “Ṣé mi ò sọ fún yín?” Ìyá á ní ó ti kú nìyẹn, ká lọ ra tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Tí mọ́tò ò bá sítáàtì, ṣé engine la kọ́kọ́ ń sọ pé ó ti knock ni, àbí bátìrì là ń yẹ̀ wò? Èrò tèmi ni pé kí a má dá ẹjọ́ ikú fún ẹ̀rọ tí a ò tíì yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ rèé: ẹ fi flash tí ẹ fi gbé Linux wọlé tan ẹ̀rọ náà. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa láti orí flash, ètò inú rẹ̀ ló sábà máa ń dàrú, kì í ṣe ara ẹ̀rọ. Tó bá ń dákú lórí flash náà, ẹ fura sí RAM. Tí hard disk bá sì ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ẹ tètè kó fáìlì yín kúrò níbẹ̀. Irú èyí ló yẹ kó mú owó jáde lápò yín.

Tó bá jẹ́ ètò ló dàrú, ẹ ka ohun tó kọ sójú kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Tó bá ní òun ò rí disk tí òun máa fi tan, ẹ wọ BIOS (F10 lórí HP, F2 lórí Dell) kí ẹ gbé Linux síwájú. Tí ojú bá dúdú lórí ẹ̀rọ tó ní NVIDIA, ẹ tẹ “e” níbi tí GRUB ti jáde, ẹ fi nomodeset kún ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “linux”, kí ẹ tẹ F10. Tí Wi-Fi ò bá sí, ẹ fi wáyà USB so fóònù yín mọ́ ọn kó rí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lè wá driver tirẹ̀. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa yí o, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀bi yín kọ́ ni nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2024, update kan láti ọ̀dọ̀ Microsoft dínà mọ́ Linux lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan tí Windows àti Linux jọ ń gbé. Oṣù karùn-ún, ọdún 2025 ni Microsoft tó ṣàtúnṣe rẹ̀. Ẹni tó bá ju tirẹ̀ nù láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀rọ tó le koko ló jù nù.

Àwọn kan á ní Linux kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Òótọ́ ni. Tí iṣẹ́ yín tàbí ilé-ìwé ọmọ bá ń lo ohun tí kò sí ju orí Windows lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Láyé àtijọ́, ní Royal Arsenal ní Woolwich wa níbí, wọ́n máa ń yin ìbọn ńlá wò kí wọ́n tó gbé e fún ọmọ ogun. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ dán Linux wò lórí flash: Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà. Ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín pamọ́ síbòmíràn, kí ẹ sì wá nọ́ńbà BitLocker yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibo tilẹ̀ ni ohun tí a jù nù ń lọ? Ní ọdún 2009, Greenpeace ròyìn bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ pamọ́ sínú tẹlifíṣọ̀n kan tó ti bàjẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gba èbúté Tilbury kọjá, ọjà Alábà l'Ékòó ló balẹ̀ sí. Ohun tí a kọ̀ níbí, ilé wa ló ń padà sí, àwọn ọmọ tiwa ló ń fa èéfín rẹ̀ símú.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé laptop yẹn jù, ẹ pe ọmọ yín jókòó ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tó bá tàn, owó wà lápò. Tí kò bá tàn, ọmọ ti kọ́ bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ kí a tó dájọ́.