Ẹ Mú Atẹdùùrù Dání Lọ Sọ́jà

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ ìkórè ìjọ wa, èmi ni mo tẹ dùùrù oníná. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ti gbé ìró rẹ̀ ga, kò sì dá a padà. Àwọn alóhùn òkè ń kígbe dípò orin. Inú ojú gíláàsì kékeré ni mo ti ń wá ibi tí n óò ti dá a padà, títí ẹsẹ kìíní fi parí. Ojú tì mí.

Dùùrù orí ìtàgé tòótọ́, bíi CP88 tí Yamaha gbé jáde ní 2019, ní ojú 88 tí ìka ń tẹ̀, bíi ti píánò. Ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń yí ohùn rẹ̀ padà ló wà ní gbangba: bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde nínú. Ti inú ilé ló sábà máa ń ní in.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ ìjọ, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí atẹdùùrù yín kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ẹwà rà á. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.