Kí Ẹ Tó Ra Páúdà, Ìgbà Wo Lẹ Tún Máa Sáré?

Nínú ilé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tó ń lọ sí jíìmù níbí ní Britain, ike dúdú ńlá kan wà nílé ìdáná tí kò sí nílé àwọn òbí wa. Whey ló wà nínú rẹ̀. Nínú fíríìjì, ìgò olómi búlúù wà níbẹ̀, pẹ̀lú àpò kéékèèké tí wọ́n kọ "electrolyte" sí lára. Ẹni tó ni wọ́n á sá kìlómítà 5 ní parkrun láàárọ̀ Sátidé, á sì po páúdà kó tó bọ́ bàtà, torí wọ́n ti sọ fún un pé bí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá, iṣẹ́ tó ṣe ti di asán. Èrò tèmi ni pé fún ọ̀pọ̀ nínú wa, owó yẹn ń ṣòfò ni, àti pé inú àwọn kan ń jìyà rẹ̀ láìnídìí.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mo ń ṣe. Níbi iṣẹ́ wa, kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù, a máa ń béèrè pé: ta ló fẹ́ lò ó, mélòó ni wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ẹ? Ẹni tó bá ra sáfà tó lè gba mílíọ̀nù ènìyàn fún ìkànnì tí ènìyàn 20 ń lò, a ò ní yìn ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ lẹ́yìn eré ìdárayá. Kéèyàn tó béèrè ohun tó máa mu, kó kọ́kọ́ béèrè ìgbà tó tún máa ṣe eré náà.

Ìdí rèé. Iṣan àti ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ ní ìrísí tí wọ́n ń pè ní glycogen. Bí a bá ń sáré tàbí tí a ń gun kẹ̀kẹ́, òun la ń ná. Agbábọ́ọ̀lù tó ṣe ìdánrawò láàárọ̀, tó tún ń padà sí pápá nírọ̀lẹ́, kò ní àkókò rárá. Ohun tí àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn fún irú rẹ̀ ni èròjà afúnnilágbára tó tó gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 4 àkọ́kọ́. Ẹni tó wọn kílò 70, gíráàmù 70 sí 84 láàárín wákàtí kan nìyẹn. Oúnjẹ ńlá ni o. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun mímu oníṣúgà wúlò gan-an, àbí ta ló fẹ́ máa gé òkèlè iyán ní wákàtí wákàtí nígbà tí bọ́ọ̀lù ń dúró dè é?

Ṣùgbọ́n ẹni tó wọn kílò 80 tó sá kìlómítà 5, nǹkan bíi kálórì 400 ló ná. Epo inú táńkì rẹ̀ kò tíì sún mọ́ gbígbẹ. Bó bá jẹ́ Túsìdé ló tún máa sáré, oúnjẹ ọ̀sán, oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì á ti kún un padà kí ó tó rántí.

Ìṣẹ́jú 30 yẹn ńkọ́? Lẹ́yìn tí a bá gbé irin, iṣan ṣì máa ń fẹ́ purotéènì fún nǹkan bí odidi ọjọ́ kan. Kì í ṣe ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì ní ìṣẹ́jú 31. Àpapọ̀ ohun tí a jẹ lójúmọ́ ló ṣe pàtàkì jù, kí nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 25 sì wà nínú oúnjẹ gidi kọ̀ọ̀kan. Ẹni kan ṣoṣo tí mo lè ní kó má falẹ̀ ni ẹni tó fi inú òfo ṣe eré náà, tó jí ní aago 5 tó kàn wọ bàtà jáde. Ìpolówó kì í sọ èyí fún wa. Ní 2012, àwọn onímọ̀ láti Oxford yẹ ẹ̀rí tó wà nídìí ìpolówó ọjà eléré ìdárayá wò. Nínú ìwádìí 74 tí wọ́n lè gbé yẹ̀ wò, 3 péré ni wọ́n kà sí ojúlówó.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ mílíìkì. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde pé mílíìkì oníṣokoléètì ṣe dáadáa fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó ń sinmi láàárín eré méjì. Agunkẹ̀kẹ́ 9 ni wọ́n lò, àwọn onímílíìkì sì wà lára àwọn tó gbé owó sílẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ṣúgà, purotéènì, omi àti iyọ̀ wà nínú mílíìkì lóòótọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, inú ta ni ó ń lọ?

Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ìlera Nàìjíríà, pẹ̀lú Norman Kretchmer ti Stanford àti àwọn akẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí jáde nínú The Lancet lórí lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, láàárín àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, kò dà nínú ìfun wọn. Nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní, tí ìran wọn ti ń mu mílíìkì màlúù tipẹ́tipẹ́, ó dà. Ọmọ ọwọ́ ní èròjà tó ń fọ́ lactose, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wa, ó ń dín kù bí a ṣe ń dàgbà. Ṣúgà tí kò dà á wá fa omi wọ inú ìfun, àwọn kòkòrò àìfojúrí á fi ṣe gáàsì, inú á wú, á máa kùn, á sì lè di ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ wò ó o: ẹni tó fẹ́ dá omi padà sára ló tún ń sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Àwa tó ń kọ kóòdù mọ irú rẹ̀ dáadáa: ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, ó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ó kú.

Kì í ṣe gbogbo wa o. Ọ̀pọ̀ lè mu ife kékeré kan pẹ̀lú oúnjẹ láìsí wàhálà, yógọ́ọ̀tì sì rọrùn fún inú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Whey fúnra rẹ̀, omi tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe wàrà ni. Omi tí wàrà ìyá Fúlàní ń léfòó nínú rẹ̀ lọ́jà, irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń gbẹ di páúdà. Inú omi yẹn sì ni púpọ̀ nínú lactose ń lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní isolate, wọ́n ti yọ púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n concentrate tí owó rẹ̀ kéré ṣì ní i.

Kí wá ni kéèyàn jẹ? Iṣu sísè gíráàmù 300 ní èròjà afúnnilágbára bíi gíráàmù 80. Ẹyin 3 ní purotéènì bíi gíráàmù 18. Ẹ ro ìwọ̀nba tó wà nínú iṣu mọ́ ọn, ó ti lé ní 20. Àwọn ìyá wa ti ń gbé àwo yẹn síwájú wa kí ẹnikẹ́ni tó ta ike kankan fún wa. Àwo ẹ̀wà gíráàmù 250 ní bíi gíráàmù 19. Nítorí pé leucine, tó ń ta iṣan jí, kò pọ̀ nínú ẹ̀wà tó bó ṣe wà nínú ẹja, èmi máa ń fi Titus kún un. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin pẹ̀lú ẹ̀kọ náà ń bẹ. Mo mọ̀ pé iṣu kì í ṣe ọ̀fẹ́ nílùú yìí. Ànàmọ́, ìrẹsì, búrẹ́dì pàápàá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ó wá ku omi. Gatorade bẹ̀rẹ̀ ní 1965 ní Yunifásítì Florida, nígbà tí Robert Cade àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ máa mu nínú ooru. Omi, ṣúgà àti iyọ̀. Ṣé kò jọ ohun tí ẹ mọ̀? Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn ìyá wa láti pò fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, tí Ransome-Kuti yìí kan náà polongo nígbà tó jẹ́ mínísítà, ọgbọ́n kan náà ni. Ṣúgà máa ń bá iyọ̀ gba inú ìfun wọ ara, omi á sì tẹ̀ lé wọn.

Ẹni tó bá làágùn púpọ̀, kó wọn ara rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn eré. Kílò 1 tó bá dín, lítà 1.25 sí 1.5 ni kó fi dípò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kó má mu ún bí ẹni ń bá kànga jà. Nínú àwọn 488 tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn Boston Marathon ti 2002, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ sílẹ̀ jù, àwọn tí ìwọ̀n wọn pọ̀ sí i lẹ́yìn eré ló sì kàn jù, torí omi tí wọ́n mu ju òógùn tí wọ́n là lọ.

Iyọ̀ wá ńkọ́? Sódíọ̀mù inú kúùbù Maggi kan ṣoṣo ju ti ìgò ohun mímu eléré mílílítà 500 lọ dáadáa. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ ilé wa ti gba iyọ̀ rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àpò electrolyte tí àwọn kan ń mu lójoojúmọ́ nídìí kọ̀ǹpútà, láìlàágùn rárá, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé wọn. Àìsàn yẹn pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú nílùú yìí ju láàárín àwọn òyìnbó lọ. Ìgò búlúù yẹn náà ní ṣúgà, malt tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń mu lẹ́yìn bọ́ọ̀lù sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni da páúdà rẹ̀ nù. Nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ alẹ́ wákàtí 12 bọ̀, tó yà sí jíìmù, tí kò lókun àtigbé ìkòkò kaná, páúdà sóyà tí kò ní lactose sàn fún un ju kó febi sùn lọ. Àgbàlagbà tó ti lé ní 60, tí oúnjẹ púpọ̀ kò wọ̀ ọ́ lọ́fun mọ́, lè nílò rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ná bí kíndìnrín bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ń múra fún marathon, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó sá parkrun ní aago 9, tó sì ní òde ọjọ́ ìbí láti lọ ní aago 2, kó mu omi ife kan tàbí méjì, kó sì fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn fún ìrẹsì.